Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ṣé a lè fi kọ̀ǹpútà kọ ohùn gángan sílẹ̀?

Bí gángan bá ń dún níbi ìnáwó ní Ìkòròdú, tàbí lọ́jọ́ ọdún Káyó-káyọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ ni etí wa ń gbọ́. Báwo la ṣe fẹ́ kọ ọ́ kí ọmọ tí kò sí níbẹ̀ lè kà á?

Irú ìṣòro yìí ti dojú kọ àwọn ará Tọ́kì rí. Dùùrù pín àlàfo láàárín dò àti re sí ìdá 2. Orin àbáláyé tiwọn pín in sí ìdá 9. Nítorí náà, wọ́n ṣe àmì tiwọn, àmì náà sì ti wà nínú LilyPond àti MuseScore, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ orin, tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwa ńkọ́? Nínú MuseScore, ẹ dín ìlà 5 tí a ń kọ orin sí kù sí 3, nítorí ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní: òkè fún mí, àárín fún re, ìsàlẹ̀ fún dò.

🥁 Ẹ kú ọdún: re mí re mí.
🥁 Ẹ káàbọ̀: re, mí tó ń yọ̀ wálẹ̀ sí dò, lẹ́yìn náà dò.

Níbi yíyọ̀ yẹn ni onílù ti ń dẹ ọsán tó fún mọ́ra. Ẹ fa ìlà láti mí wálẹ̀ dé dò kó lè hàn.

Onímọ̀ orin Akin Euba ti gbé ìwé ńlá jáde lórí ìlù dùndún, ẹbí gángan, ní 1990. Ó ku tiwa. Ẹ fi fóònù gba ìlù kan sílẹ̀ lónìí, ẹ bi onílù ní ohun tó fi sọ, kí ẹ sì kọ ọ́. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí èdè ìlù bá àgbà wọlẹ̀.