Ohun tí Alámèyítọ́ ń Wò nínú Ìtàn Ìyanu Apanilẹ́rìn-ín

Bí alámèyítọ́ bá mú ìtàn tó kún fún iwin àti ẹ̀fẹ̀ lọ́wọ́, òfin tí ayé inú ìtàn náà ń tẹ̀ lé ni kó kọ́kọ́ wá. Níbi tí ohunkóhun bá ti lè ṣẹlẹ̀, kò sí ohun tó lè yani lẹ́nu mọ́, ẹ̀rín kì í sì í pẹ́ tán níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo The Palm-Wine Drinkard, ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, kọ, tí Faber and Faber tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1952. Adẹ́mu ọ̀mùtí kan já láti orí ọ̀pẹ, ó kú, ni ọ̀mùtí bá gbéra láti lọ wá a ní ìlú àwọn òkú. Lọ́nà, òun àti ìyàwó rẹ̀ ta ikú wọn ní pọ́ùn 70, ṣílè 18 àti sísì kan. Wọ́n sì yá ẹnìkan ní ẹ̀rù wọn, kó máa san èlé pọ́ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣù. Iye owó tó ṣe pàtó yẹn ló ń pani lẹ́rìn-ín: òfin ọjà tí gbogbo wa mọ̀ ni Tutuola gbé ka ohun tí kò ṣeé tà. Kò sì yẹ òfin náà. Nígbà tí wọ́n ń kúrò níbi tí wọ́n ti ṣòwò náà, wọ́n gba ẹ̀rù wọn padà, torí wọ́n kàn yá a síta ni. Ikú tí wọ́n ti tà kò ṣeé gbà mọ́. Báyìí ni àwọn tí kò lè kú mọ́ ṣe ń bẹ̀rù.

Ìbéèrè kejì ni pé: kí ni òǹkọ̀wé jogún, kí ló fi kún un? Àlọ́ arẹwà ọkùnrin tó yá ẹ̀yà ara lọ sọ́jà ti wà tipẹ́ kí Tutuola tó lò ó nínú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n Tutuola ní ẹwà ọkùnrin náà tó ohun tí ọkọ̀ òfuurufú ogun kò fi ní ju bọ́ǹbù sí ìlú tó bá wà. Òǹkọ̀wé yìí ti ṣe alágbẹ̀dẹ fún ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì; ogun yẹn ló wọ inú àlọ́.

Ẹ̀kẹta ni ohùn. Akéwì Dylan Thomas yin ìwé náà nínú ìwé ìròyìn The Observer, àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé sì bínú sí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ẹni tó bá dúró sórí gírámà nìkan kò ní gbọ́ bí ọ̀mùtí ṣe ń ka owó ikú rẹ̀ láìrẹ́rìn-ín. Ojú líle yẹn ló ń mú wa rẹ́rìn-ín, tí a sì ń gba irọ́ náà gbọ́. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti fi í hàn wá.