Yíyan Áńpù àti Pẹ́dàlì fún Jìtá Béèsì ní Aswani: Àyẹ̀wò Ohùn Ìsàlẹ̀, Iná Mànàmáná àti Ọ̀rọ̀ Ìlù

1.0 Ìfáàrà

Ní Aswani, lẹ́bàá òpópónà tí ó ti Oṣòdì lọ sí Àpápá, ní agbègbè Ìsọlọ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjà máa ń kún jù. Aṣọ, bàtà àti àpò òkìrìkà ni ó sọ ọjà náà di olókìkí, orúkọ ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ tí ó wà níbẹ̀ nígbà kan rí ni àdúgbò náà sì ń jẹ́ títí di òní. Ní ọjọ́ Àìkú, ohun mìíràn ni etí ń gbọ́ ní agbègbè yìí: ìlù, kíbọ́ọ̀dù, ohùn akọrin, àti jìtá béèsì tí ó ń rìn lábẹ́ gbogbo wọn. Ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ta béèsì bẹ́ẹ̀, owó ara wọn ni wọ́n sì fi ń ra ohun èlò. Bí áńpù kan bá jóná ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n rà á, kì í ṣe orin ọjọ́ náà nìkan ni ó bàjẹ́. Owó tí ẹni náà ti ń tù jọ láti ìgbà pípẹ́ bá a lọ.

Àpilẹ̀kọ yìí yóò ṣe àlàyé ohun tí ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wò kí ó tó ra ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn di ńlá, tí àwọn olórin ń pè ní áńpù, àti àwọn àpótí kéékèèké tí ń yí ohùn padà, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí wọ́n ń pè ní pẹ́dàlì. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé iye wáàtì tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ kọ́ ni ó yẹ kí ó ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iye pẹ́dàlì. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni ipò tí ohùn ìsàlẹ̀ wà láàrin ìlù àti ohùn ènìyàn, àti irú iná tí ẹ̀rọ náà yóò máa jẹ.

2.0 Ohùn Ìsàlẹ̀ nínú Orin Yorùbá

Kí jìtá béèsì tó wọ inú orin jùjú, agídìgbo ni ó ń ṣe iṣẹ́ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́. Àpótí onígi ni, tí ó ní ahọ́n irin mélòó kan tí ọmọ ìka ń ta. Fatai Rolling Dollar jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí òkìkí wọn kàn lórí rẹ̀. Inú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni Ebenezer Obey sì ti ṣiṣẹ́ kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964. Ayinde Bakare ti kọ́kọ́ so jìtá mọ́ iná ní 1949. Ní àwọn ọdún 1960, jìtá béèsì gba ipò agídìgbo nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n ìwà agídìgbo kò parẹ́: gbólóhùn orin kúkúrú ni béèsì ṣì ń tún ta lálàtúnta, nínú jùjú àti nínú Afrobeat Fela bákan náà. Orin tí a ń tún ta báyìí kò fẹ́ ohùn tí ń dún gbòò tí ó sì tàn káàkiri. Ohùn tí ń dún gbì ni ó fẹ́, tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣe kedere, tí ó sì kúrò lọ́nà kí èyí tí ó tẹ̀ lé e tó dé.

Okùn mẹ́rin ni jìtá béèsì sábà máa ń ní. Okùn E, tí ó nípọn jù, ń gbọ̀n ní ìgbà 41 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí ni pé ohùn rẹ̀ jẹ́ Hertz 41. A jẹ́ 55, D jẹ́ 73, G sì jẹ́ 98. Bí ọwọ́ bá gòkè dé fírẹ́ẹ̀tì 12 lórí okùn G, ohùn náà ti di 196. Ohùn ọkùnrin tí ń sọ̀rọ̀ sábà máa ń wà láàrin 85 sí 180. Béèsì, oníwàásù àti ìyá ìlù jọ ń gbé àdúgbò kan náà nìyẹn, àwọn onímọ̀ nípa ìgbọ́ràn sì ti fi hàn pé ohùn ìsàlẹ̀ tí ó lágbára máa ń bo ohùn tí ó ga jù ú lọ ju bí ohùn òkè ti í bo ti ìsàlẹ̀. Ọ̀ràn yìí wúwo fún orin Yorùbá ju fún orin ìlú mìíràn lọ. Ìró òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni ìyá ìlù àti gángan fi ń sọ̀rọ̀. Bí béèsì bá bo ìsàlẹ̀ wọn mọ́lẹ̀, ìlù yóò máa dún, ṣùgbọ́n kò ní sọ nǹkan kan mọ́.

3.0 Áńpù àti Sípíkà

Ilé-iṣẹ́ Fender ní Amẹ́ríkà ni ó gbé Precision Bass jáde ní 1951, tí ó sì ṣe áńpù Bassman fún un ní 1952. Ó pani lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé àwọn oníjìtá lásán ni ó padà sọ Bassman di àyànfẹ́, tí Marshall ní Ìlú Ọba sì wo inú rẹ̀ ṣe áńpù tirẹ̀ àkọ́kọ́. Fún béèsì, agbára rẹ̀ kò tó. Ní 1969 ni Ampeg gbé SVT jáde, ti 300 wáàtì, tí àpótí rẹ̀ ní sípíkà mẹ́jọ. Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé etí ènìyàn kì í tètè gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀, nítorí náà ó ń béèrè agbára àti afẹ́fẹ́ púpọ̀ kí ó tó dún bí ohùn òkè. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi béèsì sínú áńpù jìtá lásán ní ohùn gíga: bébà sípíkà náà yóò máa rìn kọjá ibi tí wọ́n dá a dé, yóò sì ya.

Síbẹ̀, wáàtì máa ń tan ènìyàn. Bí wọ́n bá sọ 100 wáàtì di 200, desibẹ́ẹ̀lì 3 péré ni ohùn fi lé. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, agbára ní láti tó ìlọ́po mẹ́wàá. Sípíkà tí ó fi desibẹ́ẹ̀lì 3 mọ iṣẹ́ ju ẹlòmíràn lọ ti ṣe iṣẹ́ ìlọ́po méjì áńpù láìfi owó kún un. Ní ti nọ́ḿbà ńláńlá tí wọ́n kọ PMPO sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ lára àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú, ìyẹn kò wọn ohun kan tí oníbéèsì lè lò. RMS ni kí ó wá.

Ó tún yẹ kí ó ka óòmù, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí sípíkà ti ń dènà iná. Sípíkà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ óòmù 8, bí wọ́n bá so wọ́n pọ̀ bí ó ti wọ́pọ̀, di óòmù 4. Bí ẹnì kan bá fi ẹ̀kẹta kún un, ó di bíi 2.7, áńpù tí wọ́n kọ 4 sí gẹ́gẹ́ bí òpin yóò sì gbóná títí tí yóò fi kú.

Fún ilé ìjọsìn tí ó ti ní míkísà àti sípíkà ńlá, áńpù kékeré tí ó ní ojú DI ti tó: ojú yìí ni ohùn béèsì yóò gbà lọ sínú míkísà, áńpù náà yóò sì jẹ́ kí ẹni tí ń ta á gbọ́ ara rẹ̀. Ó tún dára nítorí pé LASEPA ti ti ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn àti ilé fàájì pa ní Èkó nítorí ariwo.

4.0 Ọ̀ràn Iná

Níbí ni owó ti ń ṣòfò jù. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ áńpù tó dára tí ń dé Alaba ní Ọ̀jọ́, ibi tí ará Aswani lè gba Máìlì Méjì dé láti lọ ra ẹ̀rọ. Èyí tí ó ti Ìlú Ọba wá kò ní wàhálà, nítorí fóólìtì 230 ni wọ́n ń lò níbẹ̀ bíi ti Nàìjíríà. Èyí tí ó ti Amẹ́ríkà wá ń jẹ 120, ti Japan sì ń jẹ 100. Bí wọ́n bá ki áńpù 120 bọ iná 230 tààrà, fóólìtì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ooru tí yóò wà nínú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Fíúsì ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ já. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti fi wáyà lásán rọ́pò rẹ̀ kí áńpù náà tó dé ọjà, tiransifọ́mà inú rẹ̀ ni yóò jóná. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni kí olùrà kọ́kọ́ wò. Bí wọ́n bá kọ 100–240 síbẹ̀, ó lè jẹ èyíkéyìí. Bí ó bá jẹ́ 120 nìkan, ó nílò tiransifọ́mà tí ń rẹ iná sílẹ̀, tí agbára rẹ̀ ju ohun tí áńpù ń jẹ lọ dáadáa. Owó tiransifọ́mà yìí sì jẹ́ ara owó áńpù, ohunkóhun tí ẹni tí ń tà á ìbáà sọ.

Ilé-iṣẹ́ aládàáni ni ó ń pín iná fún agbègbè yìí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ pínpín iná lé aládàáni lọ́wọ́ ní 2013, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ni ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pè é. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀, fóólìtì rẹ̀ yóò sì máa gòkè sọ̀kalẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n pa áńpù kí wọ́n tó yí iná padà, kí wọ́n sì dúró títí ìró jẹnẹrétọ̀ yóò fi rọlẹ̀.

Ìkùn tí a ń gbọ́ nínú sípíkà náà ní ìdí. Iná Nàìjíríà ń yípo ní Hertz 50. Fírẹ́ẹ̀tì 3 lórí okùn E jẹ́ ohùn G, Hertz 49 sì ni. Ìlọ́po méjì 50 tún jẹ́ 100, okùn G tí ọwọ́ kò tẹ̀ sì jẹ́ 98. Nítorí náà, bí orin bá wà ní G, ìkùn iná lè fara pamọ́ sínú béèsì. Bí wọ́n bá gbé orin sókè díẹ̀ sí A-flat, òun àti béèsì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Àìsí wáyà ilẹ̀ tó péye nínú ilé ni ó sábà máa ń fà á. Àwọn kan máa ń gé ẹsẹ̀ kẹta lára pílọ́ọ̀gì láti pa ìkùn náà. Ẹsẹ̀ yẹn ni ó dúró láàrin ọwọ́ tí ó di okùn irin mú àti ikú. Kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n sì lo bọ́tìnnì tí ń gé ilẹ̀ lára àpótí DI.

5.0 Pẹ́dàlì

Yorùbá ní ohun tó wu ni ló ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni, bẹ́ẹ̀ sì ni pẹ́dàlì ti rí lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Ohun tí béèsì nílò kò pọ̀. Lẹ́yìn èyí tí wọ́n fi ń yí okùn bá ohùn mu, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ni àkọ́kọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá ohùn tó bá ga jù padà, kí èyí tó kéré lè sún mọ́ ọn. Orin tí ń tún ara rẹ̀ ta yóò wá dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí wọ́n bá yí i jù, ìbẹ̀rẹ̀ ohùn yóò kú, ìyẹn gan-an ni ohun tí béèsì gbà lọ́wọ́ agídìgbo.

Pẹ́dàlì ọ́kítéèfù, irú OC-2 tí Boss gbé jáde ní 1982, ń fi ohùn tó wà ní ọ́kítéèfù kan nísàlẹ̀ kún ohùn tí a ta. Ó wúlò bí ọwọ́ bá wà lókè jìtá. Lórí okùn E tí ọwọ́ kò tẹ̀, Hertz 20 ni ó ń wá, èyí tí ọ̀pọ̀ sípíkà kò lè sọ. Agbára áńpù ni yóò jẹ lásán. Pẹ́dàlì tí ń sẹ́ ohùn bí asẹ́, irú Mu-Tron III ti 1972 tí Bootsy Collins lò, dùn nínú orin ijó, ṣùgbọ́n ó sún ohùn lọ sí àdúgbò gángan. Èyí tí ń fọ́ ohùn máa ń gé ìsàlẹ̀ dànù, àyàfi èyí tí ó ní bọ́tìnnì tí ń da ohùn mímọ́ pọ̀ mọ́ èyí tí ó fọ́.

Fóólìtì 9 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ, tí àárín ẹnu wáyà sì jẹ́ òdì. Kí ẹni tí yóò rà wọ́n ka àmì yìí lára pẹ́dàlì àti lára ohun tí ń fún un ní iná, nítorí pé wọn kì í bára mu ní gbogbo ìgbà.

Ibi tí ó dára jù láti dán gbogbo rẹ̀ wò ni ibi ìgbáradì, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Kí ẹnì kan tí ó gbọ́ èdè ìlù lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí oníbéèsì máa ta orin rẹ̀ ní ohùn tí yóò lò lọ́jọ́ Àìkú, kí onílù sì fi ìyá ìlù sọ gbólóhùn kan tí ẹni ẹnu ọ̀nà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí kò bá lè tún un sọ, kí wọ́n kọ́kọ́ dín agbègbè Hertz 100 sí 200 kù lára áńpù, kí onílù sì sọ òmíràn.