Ẹ̀dín àti Òòjọ́: Èdè-Ìperí fún Ìṣírò Agbára Inú Oúnjẹ, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Òkè-Ògùn

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni irinṣẹ́ ìdínkù ìwúwo máa ń gbé ka iwájú ẹni tó bá fẹ́ lò ó: kálórì, àfojúsùn òòjọ́, àti iye tí onítọ̀hún fi jẹun kéré sí ohun tí ara rẹ̀ lò. Yálà tábìlì inú ìwé pélébé ni irinṣẹ́ náà, tàbí áàpù orí fóònù alágbèéká, orí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Ní Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn, bí ó ti rí ní ibi gbogbo, ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó sì sanra jù lè gba ìmọ̀ràn pé kí ó dín ìwúwo rẹ̀ kù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni irinṣẹ́ náà sábà máa ń sọ. Èdè Yorùbá ni aláìsàn ń sọ. Olùtumọ̀ ni ó wà láàrin, ìbáà ṣe nọ́ọ̀sì, olùkọ́ tàbí ọmọ inú ilé. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣì í lọ́wọ́, àṣìṣe náà kì í dúró sórí ìwé, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni ó máa ń já sí. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni àyẹ̀wò àwọn ọ̀rọ̀ náà àti àbá lórí èyí tí ó yẹ ní lílò nínú wọn.

Kálórì

Nicolas Clément ni ó lo orúkọ yìí nínú ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ènìyàn nípa ooru ní ìlú Paris láàrin ọdún 1819 sí 1824. Ìtumọ̀ tí ó fún un ni iye ooru tí ó lè mú kí omi tó wọn kílógíráàmù kan gbóná sí i ní ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì kan. Nígbà tí ó yá, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn fi orúkọ kan náà pe iye ooru tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lára omi gíráàmù kan péré. Báyìí ni kálórì ńlá àti kálórì kékeré ṣe di méjì lábẹ́ orúkọ kan, tí ó sì jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún kékeré ni ó para pọ̀ di ńlá kan. Àwọn òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan gbìyànjú láti fi lẹ́tà ńlá ya ọ̀kan sọ́tọ̀. Ọgbọ́n yìí kò wúlò fún Yorùbá rárá, nítorí pé lẹ́tà ńlá kì í dún lẹ́nu, ẹnu ni ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn ìlera sì ti ń jáde.

Ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tí wọ́n ń wọ̀n àti ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Agbára inú oúnjẹ ni wọ́n ń wọ̀n. Kálórì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ pé ìwúwo ni wọ́n ń wọ̀n tí gíráàmù sì jẹ́ ohun èlò ìwọ̀n. Bí ẹnìkan bá wá tú kálórì sí “agbára” lásán, gbólóhùn bí i “oúnjẹ yìí ní agbára 300” yóò jáde, èyí tí kò yàtọ̀ sí kí ènìyàn sọ pé ìrìn àjò kan jẹ́ ọ̀nà 40. Àyálò ni ó yẹ ní ibí yìí. Kálórì kò ṣòro fún ahọ́n Yorùbá, ó sì bá gíráàmù àti mítà kẹ́gbẹ́. Nínú ìwé tí ó jẹ mọ́ ìṣírò, kìlókálórì ni kí wọ́n máa kọ, kí iyèméjì lè tán. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, kálórì lè dúró fún un, níwọ̀n ìgbà tí a bá ti ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan. Ara páálí oúnjẹ, kìlójúùlù sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: kìlókálórì kan jẹ́ kìlójúùlù 4.184. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè rí 1,423 lára páálí èlùbọ́ kí àyà rẹ̀ já, nígbà tí ó jẹ́ pé kìlókálórì 340 náà ni.

Àwọn kan máa ń sọ pé ara “ń jó” kálórì. Ọ̀rọ̀ yìí ní ibi tí ó ti bá òtítọ́ mu. Nínú ìkòkò ìwọnná, ohun èlò onírin tí wọ́n dé pinpin, tí wọ́n fi ọ́síjìn kún, tí wọ́n sì rì sínú omi, wọ́n máa ń dáná sun oúnjẹ gan-an, kí wọ́n lè fi bí omi ṣe gbóná tó mọ agbára rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná kò sí nínú ara ènìyàn. “Lò” ni ó tọ́: ara ń lo agbára.

Àléébù inú “afáralókun”

Wilbur Atwater, tí a bí ní ọdún 1844 tí ó sì kú ní 1907, ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Wesleyan ní Middletown, ní Amẹ́ríkà, fún ayé ní àwọn nọ́ḿbà tí gbogbo tábìlì oúnjẹ ṣì ń lò: kìlókálórì 4 fún gíráàmù kàbọ̀háídíréètì kan, 4 fún púrótéènì, 9 fún ọ̀rá. Ọtí jẹ́ 7.

Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn nọ́ḿbà yìí dán èdè-ìperí ilé-ìwé wò. Kàbọ̀háídíréètì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń pè ní oúnjẹ afáralókun, púrótéènì sì ni amáradàgbà. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni méjèèjì, ìyẹn ni pé orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń ṣàlàyé ara rẹ̀, àǹfààní rẹ̀ sì pọ̀ fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ń ṣàlàyé ara rẹ̀ lè ṣi ènìyàn lọ́nà pẹ̀lú. Bí iṣu àti ẹ̀gẹ́ bá jẹ́ “afáralókun”, òye tí ó kù fún olùgbọ́ ni pé epo pupa kì í fúnni lókun, nítorí náà kò sí ohun tí yóò kà lára rẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni òtítọ́. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan tí epo rẹ̀ tó gíráàmù 14 jẹ́ kìlókálórì 126. Obìnrin tí ó bá dín òkèlè rẹ̀ kù, tí ó sì fi ṣíbí epo méjì kún ọbẹ̀ nítorí pé òkèlè nìkan ni “afáralókun”, kò dín ohunkóhun kù. Kì í ṣe òun ni ó jẹ̀bi. Ẹni tí ó sọ oúnjẹ lórúkọ ni.

Ohun tí ó yẹ ni kí afáralókun máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ nínú ìwé àwọn ọmọdé, kí ó má sì wọ inú ìṣírò agbára. Kàbọ̀háídíréètì gùn lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò purọ́. Irú àríyànjiyàn báyìí, lórí yíyá ọ̀rọ̀ tàbí ṣíṣẹ̀dá rẹ̀, kì í ṣe tuntun: ó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò fífi èdè Yorùbá kọ́ni fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá.

Rírù, gbèsè, ẹ̀dín

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu fún ìdínkù ìwúwo ni “rírù”. Kò yẹ. Ẹni tí ó rù ní ilẹ̀ Yorùbá ni ẹni tí àìsàn, ìyà tàbí ìrònú ti jẹ lára. Nígbà tí àrùn kògbóògùn éèdì tàn kálẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, rírù di ohun tí aládùúgbò fi ń fura síni. Ní ọ̀nà kejì ẹ̀wẹ̀, sísanra jẹ́ àmì ìgbádùn, “ara rẹ̀ dá” sì jẹ́ oríyìn. Bí nọ́ọ̀sì bá sọ fún ìyá àgbà kan pé “ẹ gbọ́dọ̀ rù, mà”, ohun tí etí ìyá yóò gbọ́ jìnnà sí ìmọ̀ràn. “Ìdínkù ìwúwo” kò ní ẹrù kankan lórí. Òun ni ó yẹ ní lílò.

Iye tí ènìyàn fi jẹun kéré sí ohun tí ara rẹ̀ lò ni ó ṣòro jù láti fún lórúkọ. “Gbèsè” bá èdè àwọn oníṣirò owó mu, ṣùgbọ́n gbèsè ni ohun tí ọmọlúàbí ń san padà. Ẹni tí irinṣẹ́ bá sọ fún pé ó jẹ gbèsè 500 lónìí lè jẹ ẹ́ san lọ́la. “Àìtó” náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó sún mọ́ àìjẹunre, tí í ṣe àrùn. “Ebi” sì burú ju gbogbo wọn lọ. Yorùbá ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ta ni yóò wá fi tinútinú gba ebi gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú? Ó sì ṣeé ṣe kí ènìyàn jẹun kéré sí ohun tí ó lò láìsí ebi, bí ó bá jẹ́ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ni ó pọ̀ nínú abọ́ rẹ̀.

Inú òǹkà Yorùbá gan-an ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ wà. Àwọn tí ó ń ka nǹkan ní èdè yìí ti mọ bí wọ́n ṣe ń yọ iye kan kúrò lára iye tí wọ́n fojú sùn, nítorí pé márùndínláàádọ́ta kì í ṣe ohun mìíràn bí kò ṣe àádọ́ta tí wọ́n yọ márùn-ún kúrò lára rẹ̀. “Dín” ń yọ, “lé” ń kún. “Ẹ̀dínwó” sì ti wà lẹ́nu àwọn ọlọ́jà tipẹ́. Nítorí náà, ẹ̀dín ni àbá tí ó wà nílẹ̀ fún iye tí oúnjẹ fi kéré sí ìlò, èlé sì ni fún iye tí ó fi jù ú lọ. Ẹnìkan lè sọ pé èlé jẹ mọ́ owó yíyá. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kò bàjẹ́: èlé owó máa ń gorí ara wọn, ọ̀rá ara náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí olùtumọ̀ ṣọ́ra fún “ìdín” ṣá o. Lórí fóònù tí kì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀, “idin kalori” yóò di kòkòrò inú ẹran mọ́ òǹkàwé lójú.

Àfojúsùn òòjọ́

“Oúnjẹ òòjọ́” ti mọ́ Yorùbá lára, nítorí náà òòjọ́ rọrùn ju “ojoojúmọ́” lọ fún ohun tí wọ́n ń ṣírò láti àárọ̀ dé alẹ́ ọjọ́ kan. Ìṣírò náà kúrú: àfojúsùn òòjọ́ ni agbára ìlò, tí wọ́n yọ ẹ̀dín kúrò nínú rẹ̀. Gbogbo wàhálà wà nínú agbára ìlò.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ń gbà ni ti Mifflin àti St Jeor, tí ó jáde ní 1990. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ wá agbára àtilààyè, ìyẹn ni èyí tí ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ ń lò bí ènìyàn tilẹ̀ dùbúlẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Obìnrin ẹni ọdún 45 tí ó wọn kílógíráàmù 80, tí ó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 160, yóò ní 1,414. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá sọ ọ́ di púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe le tó. Bí ó bá jẹ́ pé ìjókòó ni ó fi ń ta aṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn, ìlọ́po 1.4 ni, àpapọ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,980. Bí ó bá jẹ́ pé oko ni ó ń lọ ní ẹ̀yìn Ṣakí, tí ó ń ro ebè, tí ó sì ń ru ẹ̀gẹ́ wálé, ìlọ́po 2 ni, 2,828 sì ni yóò jẹ́.

Ibí yìí ni ewu wà. Nínú ọ̀pọ̀ irinṣẹ́, ìbéèrè nípa iṣẹ́ máa ń wá pẹ̀lú àpẹẹrẹ eré ìdárayá: ìgbà mélòó lọ́sẹ̀ ni o ń sáré, ìgbà mélòó ni o ń gbé irin? Obìnrin àgbẹ̀ yóò dáhùn pé òun kì í ṣe eré ìdárayá kankan, òtítọ́ ni ó sì sọ. Irinṣẹ́ yóò kà á sí ẹni ìjókòó, yóò yọ ẹ̀dín 500 kúrò nínú 1,980, yóò sì fún un ní àfojúsùn 1,480. Ẹ̀dín rẹ̀ gan-an kò wá jẹ́ 500 mọ́, 1,348 ni. Bí ó bá tún ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, irú èyí tí ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó lè dákú láàrin ebè. Nítorí náà, “ìṣe ara” ni kí wọ́n fi túmọ̀ ohun tí irinṣẹ́ ń béèrè, kí wọ́n má ṣe pè é ní “eré ìdárayá”, kí àpẹẹrẹ abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ oko ríro, omi pípọn àti igi ṣíṣẹ́.

Ní ti iye ọ̀rá tí ẹ̀dín lè mú kúrò, nọ́ḿbà tí ó gbajúmọ̀ ni ti Max Wishnofsky ní ọdún 1958, pé ẹ̀dín 3,500 ń mú nǹkan bí ìdajì kílógíráàmù lọ. Iṣẹ́ Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2011 fi hàn pé kò lè rí bẹ́ẹ̀ títí, nítorí pé bí ara bá ti ń fúyẹ́ ni agbára ìlò rẹ̀ náà ń dín kù.

Ọkà, àmàlà àti wàrà nínú àkójọ

Lulu Hunt Peters, dókítà ará California, ni ó jẹ́ kí kíka kálórì di ohun tí ará ilé lè ṣe, nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1918. Tábìlì oúnjẹ ilẹ̀ tirẹ̀ ni ó lò. Tábìlì ti Áfíríkà dé nígbà tí Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé tẹ ọ̀kan jáde ní 1968, wọ́n sì tún ṣe ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìkan ní 2012. Ṣùgbọ́n orúkọ inú tábìlì àti orúkọ inú abọ́ kì í sábà jẹ́ ọ̀kan.

Ní Òkè-Ògùn, bí wọ́n bá ní “ọkà”, ó lè jẹ́ ọkà bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé láti oko ọ̀dàn, ó sì lè jẹ́ àmàlà tó ń jáde láti inú ìkòkò. Ọ̀kan gbẹ, omi ni ó pọ̀ jù nínú èkejì. Èlùbọ́ pàápàá ní ọ̀fìn tirẹ̀. Iṣu tútù gíráàmù 100 kò ju nǹkan bí 118 lọ. Nígbà tí wọ́n bá ti bó o, tí wọ́n bọ̀ ọ́, tí wọ́n sá a títí ó fi le gbagidi, tí wọ́n sì lọ̀ ọ́, gíráàmù 100 rẹ̀ yóò tó nǹkan bí 340. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé èlùbọ́ gíráàmù 100 gba omi 250 lórí iná. Àmàlà gíráàmù 350 ni yóò di, agbára inú rẹ̀ kò sì yí padà, 340 náà ni. Ẹni tí ó bá wọn àmàlà náà, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí èlùbọ́ gíráàmù 350, 1,190 ni irinṣẹ́ yóò kà sí i lọ́rùn. Yóò gbà pé òun ti jẹ oúnjẹ òòjọ́ tán ní ọ̀sán, ebi yóò sì sùn tì í lálẹ́ lásán.

Nítorí náà, orúkọ kan ṣoṣo kò tó fún oúnjẹ kan nínú àkójọ. Ohun tí wọ́n fi ṣe é àti ipò tí ó wà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e: àmàlà iṣu, jíjinná, àmàlà láfún, jíjinná, èlùbọ́ iṣu, gbígbẹ, ọkà bàbà, gbígbẹ. Kóńgò àti ìgbakọ kò lè rọ́pò gíráàmù, nítorí bí nǹkan ṣe kún inú ohun èlò tó ni wọ́n ń wọ̀n: kóńgò èlùbọ́ kò wúwo tó kóńgò ẹ̀wà. Wàrà náà wà lára àwọn tí ó nílò ìpínyà yìí, nítorí ẹni tí ó wí pé òun mu wàrà àti ẹni tí ó ra wàrà dídì lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní tó ń kiri kò jẹ ohun kan náà: wàrà olómi, wàrà dídì, wàrà dídín nínú epo. Ẹ̀kẹta yìí ni kí àkójọ má ṣe gbàgbé.