Ẹ Dá Ọkà Bàbà Padà Sínú Ògì

Àgbàdo ló gba ìgboro: òun la fi ń ṣe ẹ̀kọ, ẹ̀gbo àti àádùn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, lẹ́yìn ọdún 1492. Áfíríkà gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbin ọkà bàbà, ó sì ń fara da ọ̀dá ju àgbàdo lọ. Nígbà tí òjò ò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́, òun ló yẹ ká tún máa gbìn. Àwọn kan ní ó máa ń korò díẹ̀, kì í sì í tètè dà nínú. Òótọ́ ni, èròjà inú èèpo rẹ̀ ló ń fà á. Àmọ́ bí a bá rẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí a lọ̀ ọ́, tí a sẹ́ ẹ, tí a sì jẹ́ kó kan, èyí máa ń dín kù gan-an. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ po bàbà mọ́ àgbàdo nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ ṣe ògì.