Òpó Kọ̀bì
Igi gbígbẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, Ọ̀yọ́

Kọ̀bì ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórùlé tó yọ síwájú ilé ọba, tí òpó igi gbé dúró. Àmì ààfin ni. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tòní dó láàárín ọdún 1830 sí 1840, kọ̀bì wà lára ohun tí a fi dá ààfin tuntun mọ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà a máa gbẹ́ jagunjagun orí ẹṣin tàbí abiyamọ tó kúnlẹ̀ sára òpó.

Òrùlé ló ń dá òpó sí. Bí ó bá jò, omi á wọ igi, ikán á sì tẹ̀lé e. Ìdí kan náà ni wọ́n ṣe fi òrùlé bo afárá onígi ìlú Lucerne ní Switzerland. Ṣùgbọ́n òrùlé kò lè dá iná dúró: iná jó afárá náà ní 1993, wọ́n sì tún un kọ́. Iná jó apá kan ààfin Ọ̀yọ́ náà ní 2013.

Bí òpó àtijọ́ bá wà ní agboolé yín, ẹ má tà á, ẹ má sì fi dáná. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì bò ó lọ́wọ́ òjò.