Ibi tó ti gbéra ló ń padà sí: Àṣírí bí Moe Norman ṣe ń gbá gọ́ọ̀fù

Ẹni tó bá ń wo eré gọ́ọ̀fù láti òkèèrè lè rò pé eré ọlẹ ni, nítorí bọ́ọ̀lù náà kì í sá, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í du ú mọ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti di ọ̀pá náà mú rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí orí ọ̀pá bá yà díẹ̀ péré nígbà tó bá kan bọ́ọ̀lù, inú igbó tàbí inú omi ni bọ́ọ̀lù ń bá lọ. Ìdí nìyí tí orúkọ Moe Norman, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó jáde láyé lọ́dún 2004, kò fi tíì parẹ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ gọ́ọ̀fù.

Ìlú Kitchener ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1929. Lọ́dún 1955 àti 1956, òun ló gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Kánádà fún àwọn tí kì í fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ jẹun. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ máa ń lọ tààrà bí ohun tó ń gba inú páìpù kọjá, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ ní “Pipeline Moe”. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ń fi ìdúró rẹ̀, aṣọ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó lọ bá àwọn akọṣẹ́mọṣẹ́ díje ní Amẹ́ríkà, kò pẹ́ láàárín wọn. Ó padà sílé lọ́dún 1959.

Kí ni ó wà nínú ìdúró tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín yìí? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń gbá a. Bí ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún bá dúró ti bọ́ọ̀lù, apá rẹ̀ á rọ̀ wálẹ̀ láti èjìká, ọ̀pá á sì nà síwájú láti ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó láti apá ọ̀tún rẹ̀ á rí i pé apá àti ọ̀pá kò tò sójú ìlà kan. Wọ́n ṣẹ́ kọ́rọ́ níbi ọrùn ọwọ́. Àmọ́ nígbà tí ọ̀pá bá ń fì bọ̀ wálẹ̀ tagbára-tagbára, ipá rẹ̀ á fa apá náà gbọọrọ, ọwọ́ á sì gòkè ju ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ojú ọ̀nà tí ọ̀pá gbà gbéra yàtọ̀ sí èyí tó gbà padà dé ìdí bọ́ọ̀lù. Ẹni náà gbọ́dọ̀ tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Norman kò dúró de ìgbà tí ipá ọ̀pá yóò fa apá rẹ̀. Ó jìnnà sí bọ́ọ̀lù, ó ya ẹsẹ̀ gbàgà, ó sì na apá láti ìbẹ̀rẹ̀, débi pé ọ̀pá àti apá ọ̀tún di ìlà kan ṣoṣo. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi pákó pẹlẹbẹ kan dagun láti ìdí bọ́ọ̀lù dé èjìká rẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀pá náà kò lè kúrò lójú pákó yìí rárá bó bá ń fì í. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ojú pákó tó ti gbéra náà ló ń padà sí nígbà tó bá kan bọ́ọ̀lù. Orí ọ̀pá rẹ̀ kì í sún mọ́ bọ́ọ̀lù kó tó gbéra. Ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ló ń gbé e sí. Orúnkún òsì rẹ̀ kì í yára nà, kí ara má baà ga sókè lójijì.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn olùkọ́ kan gbà pé ìdúró yìí máa ń dín agbára tó ń ti ọrùn ọwọ́ wá kù, tí bọ́ọ̀lù kò sì ní jìnnà tó. Bryson DeChambeau, ọmọ Amẹ́ríkà tó kàwé nípa físíìsì, ń lo ìlànà tó jọ èyí, síbẹ̀ ó wà lára àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù lọ. Òun ló gba ife-ẹ̀yẹ US Open lọ́dún 2020, ó sì tún gbà á lọ́dún 2024.

Ìlànà nìkan kọ́ ló sì sọ Norman di ẹni tó jẹ́. Ní ìdíje Masters ti ọdún 1956, ó fi bọ́ọ̀lù dánra wò débi pé ọwọ́ dá a dúró, kò sì lè parí ìdíje náà. Ọdún 1995 ni wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sára àwọn akọni gọ́ọ̀fù ilẹ̀ Kánádà. Nígbà tó di ọdún 2005, Tiger Woods sọ pé ènìyàn méjì péré ló ní ìgbá tiwọn ní tòótọ́: Ben Hogan àti Moe Norman. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, àmọ́ Norman ti wà nínú ilẹ̀ kí aráyé tó gbọ́ ọ.