Orin inú Àwọn Fíìmù Híńdì Àtijọ́: Ìlànà Ìtúpalẹ̀ àti Ìmọrírì fún Olùkọ́ Lítíréṣọ̀

Àṣamọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ni ó ti gbọ́ orin inú fíìmù ilẹ̀ Íńdíà rí, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ka ọ̀rọ̀ inú orin náà sí ewì. Ohun tí iṣẹ́ yìí dá lé ni bí olùkọ́ lítíréṣọ̀ ṣe lè tú irú orin bẹ́ẹ̀ palẹ̀. A yẹ ìtàn orin náà wò ní ṣókí, a ṣàlàyé ìhun rẹ̀, a sì ṣe àtúpalẹ̀ orin kọ̀ọ̀kan láti inú fíìmù mẹ́rin: Baiju Bawra (1952), Shree 420 (1955), Pyaasa (1957) àti Mughal-e-Azam (1960). Àbájáde iṣẹ́ yìí ni pé a kò lè mọ rírì orin fíìmù bí a bá ya ọ̀rọ̀ rẹ̀ nípá kúrò lára ohùn, àwòrán àti ọ̀gangan-ipò tí ó ti wáyé.

1.0 Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Òwe yìí bá àwa olùkọ́ èdè abínibí wí. Nínú iṣẹ́ wa, a sáábà máa ń fi lítíréṣọ̀ Yorùbá wé ti òyìnbó nìkan, bí ẹni pé kò sí akéwì mìíràn lábẹ́ ọ̀run. Bẹ́ẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 1950 síwájú ni fíìmù ilẹ̀ Íńdíà ti ń wọ Nàìjíríà. Ní Kánò, ipa orin wọn jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ olórin ẹ̀sìn Mùsùlùmí fi ń lo ohùn orin fíìmù Híńdì láti kọ orin ìyìn Ànábì ní èdè Haúsá. Ní ìhà tiwa náà, ọ̀pọ̀ ni ó mọ ohùn orin wọ̀nyí kọ láìmọ ohun tí ó túmọ̀ sí.

Ohùn nìkan ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbà; ọ̀rọ̀ ti bọ́ sọnù. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń sọ pé orin ijó àti orin ìfẹ́ lásán ni gbogbo wọn. A fẹ́ fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

2.0 Ìtàn Orin Fíìmù Híńdì ní Ṣókí

Ní ọdún 1931 ni Ardeshir Irani gbé Alam Ara jáde, èyí tí í ṣe fíìmù Íńdíà àkọ́kọ́ tí ó ní ohùn. Orin méje ni ó wà nínú rẹ̀. Èyí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà náà, nítorí pé eré orí ìtàgé ilẹ̀ Íńdíà ti kún fún orin kí sinimá tó dé. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí lọ́dọ̀ tiwa: eré alárìnjó kò ṣeé yà kúrò lára orin, eré Hubert Ògúndé pàápàá kì í bẹ̀rẹ̀ láìsí orin.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, òṣèré fúnra rẹ̀ ni ó ń kọrin. Láti ọdún 1935 ni àṣà mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀: akọrin yóò kọ orin sílẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀, òṣèré yóò sì máa la ẹnu tẹ̀lé e níwájú kámẹ́rà. Ọ̀nà yìí ni àwọn gbajúgbajà bí i Lata Mangeshkar (1929–2022), Mohammed Rafi (1924–1980), Mukesh (1923–1976) àti Kishore Kumar (1929–1987) gbà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Kishore Kumar nìkan nínú wọn ni ó tún jẹ́ gbajúmọ̀ òṣèré.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni orin yìí dùn mọ́ nínú. Ní ọdún 1952, nígbà tí B. V. Keskar jẹ́ mínísítà fún ètò ìròyìn àti ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì ìjọba Íńdíà fẹ́rẹ̀ẹ́ lé orin fíìmù kúrò lórí afẹ́fẹ́, wọ́n ní kò níyì tó orin ìjìnlẹ̀ ìbílẹ̀. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Àwọn olùgbọ́ yí asọ̀rọ̀mágbèsì wọn sí Radio Ceylon ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Siri Láńkà lónìí, níbi tí Ameen Sayani ti ń darí ètò Binaca Geetmala láti ọdún 1952 kan náà. Nígbà tí ó di ọdún 1957, ìjọba dá ìkànnì Vividh Bharati sílẹ̀, orin fíìmù sì padà wálé. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ó bá ń pinnu ohun tí ó yẹ ní kíkọ́ àti ohun tí kò yẹ. Ohun tí àwọn aláṣẹ pè ní ariwo ni àwọn ará ìlú mọ̀ sí ewì wọn.

3.0 Ta ni ó ni Orin?

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́rin ni ó ń pawọ́ pọ̀ bí orin kan: akéwì tí ó kọ ọ̀rọ̀, ẹni tí ó ṣe ohùn, akọrin, àti òṣèré tí ojú ń rí. Akéwì ni a sáábà máa ń gbàgbé jù nínú wọn. Sahir Ludhianvi (1921–1980) wà lára àwọn tí ó jà fitafita kí ilé-iṣẹ́ asọ̀rọ̀mágbèsì lè máa dárúkọ akéwì mọ́ ti akọrin.

Púpọ̀ nínú àwọn akéwì yìí ni ó ti gbajúmọ̀ nínú ewì Urdu kí wọ́n tó wọ iṣẹ́ sinimá. Sahir, Majrooh Sultanpuri àti Kaifi Azmi jẹ́ ara àwọn òǹkọ̀wé onítẹ̀síwájú, tí ẹgbẹ́ wọn fìdí múlẹ̀ ní ọdún 1936, tí wọ́n gbà pé ewì gbọ́dọ̀ gbèjà mẹ̀kúnnù. Shailendra (1923–1966) ní tirẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. A gbọ́ pé ó kọ́kọ́ kọ̀ nígbà tí Raj Kapoor fẹ́ ra ewì rẹ̀. Ìgbà tí owó nílò rẹ̀ ni ó tó padà lọ bá a, ó sì bá a ṣiṣẹ́ nínú Barsaat (1949).

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ lórí èdè pẹ̀lú. Lẹ́nu, èdè Híńdì àti Urdu sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń sọ wọ́n gbọ́ ara wọn yé lójoojúmọ́. Ọ̀nà ìkọsílẹ̀ wọn yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ ni orísun àwọn ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ inú wọn: Híńdì ń yá láti inú Sanskrit, Urdu ń yá láti inú èdè Páṣíà àti Lárúbáwá. Orin tí à ń pè ní ti “Híńdì” yìí ń mu nínú odò méjèèjì.

4.0 Ìhun Orin

Apá méjì pàtàkì ni orin fíìmù Híńdì ní. Èkínní ni mukhda, tí ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún “ojú”. Òun ni ó ṣíwájú orin, òun náà ni a ń padà sí, gẹ́gẹ́ bí ègbè ṣe ń ṣe nínú orin tiwa. Èkejì ni antara, èyí tí í ṣe ẹsẹ tí ó ń gbé èrò lọ síwájú. Ohùn antara sáábà máa ń gòkè ju ti mukhda lọ kí ó tó rọra sọ̀ kalẹ̀ padà sílé. Láàrin wọn ni ìlù àti fèrè ti ń sọ̀rọ̀.

Ìyàtọ̀ kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn. Bí ohùn orin bá tako ohùn ọ̀rọ̀, ọkọ lè di ọkọ́, kí ọkọ́ sì di ọkọ̀. A mọ èyí dunjú nínú àwọn orin ìsìn tí a túmọ̀ sí ohùn òyìnbó. Híńdì kì í ṣe èdè olóhùn. Nítorí náà, ẹni tí ó ṣe ohùn lè gbé e gòkè tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láìyí ìtumọ̀ padà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohùn ni ó ń kọ́kọ́ wà, akéwì yóò wá wá ọ̀rọ̀ tí ó bá a mu. Ṣùgbọ́n òmìnira yìí ní ààlà tirẹ̀: akéwì Híńdì àti Urdu ń ka sílébù wúwo àti èyí tí ó fúyẹ́, ó sì ń mú kí ìparí ìlà dún bákan náà. Ewì Yorùbá kò gbára lé irú ìparí bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ ohùn àti àwítúnwí ni ó fi ń ṣe ẹwà. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi òṣùwọ̀n ọ̀kan wọn èkejì.

5.0 Ìtúpalẹ̀ Orin Mẹ́rin

5.1 Pyaasa: Ìbéèrè Pèsìjẹ Gẹ́gẹ́ bí Ohun Ìjà

Guru Dutt ni ó darí Pyaasa, òun náà ni ó ṣe Vijay, akéwì tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Sahir ni ó kọ ọ̀rọ̀ orin, S. D. Burman ni ó ṣe ohùn. Orin tí a fẹ́ yẹ̀ wò wáyé ní àdúgbò àwọn aṣẹ́wó. Vijay ti rí obìnrin kan tí wọ́n fi dandan mú kí ó máa jó níwájú àwọn ọkùnrin nígbà tí ọmọ rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá ń ké. Ó jáde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lójú ọ̀nà, ohùn Rafi sì gba ẹnu rẹ̀ jáde ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ìbéèrè kan náà ni ó ń parí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Nínú ẹsẹ, akéwì ń to ohun tí ojú rẹ̀ rí lẹ́sẹẹsẹ: ojú ọ̀nà tóóró, ìró owó, ìró ṣaworo ẹsẹ̀, àwọn oníbàárà tàgbà tọmọdé. Nínú ègbè, ó ń béèrè ibi tí àwọn tí ń fi orílẹ̀-èdè yangàn wà. Ìbéèrè pèsìjẹ ni èyí. Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn, nítorí pé ìdáhùn náà ni ìtìjú. Bí àwítúnwí yìí ti ń pọ̀ sí i ni ẹ̀sùn náà ń wúwo sí i, títí ohùn akọrin fi kúrò ní ti ọ̀fọ̀ tí ó sì di igbe.

Ìtàn ewì yìí ṣe pàtàkì fún olùkọ́. Sahir ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kí Íńdíà tó gba òmìnira ní 1947. Nígbà náà, ègbè rẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀ Páṣíà àti Lárúbáwá, àwọn tí ń yin ìwà mímọ́ Ìlà-Oòrùn ayé ni ó sì dojú kọ. Nígbà tí ó ń gbé e wọ inú fíìmù, ó fi ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ rọ́pò àwọn ọ̀rọ̀ líle náà kí ará ọjà lè gbọ́ ọ yé. Lójú tiwa, àyípadà yìí ju ti èdè lásán lọ. Ṣáájú òmìnira, a lè di ẹ̀bi ru àjòjì tí ń ṣàkóso. Ní 1957, ọdún kẹwàá òmìnira, kò sí àjòjì mọ́. Ọmọ onílé ni ìbéèrè náà ń bá wí. Ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn sí i ni ó gún ni lára jù. Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ wa ni pé èdè tí ó rọrùn kò sọ ewì di yẹpẹrẹ.

5.2 Shree 420: Ẹ̀fẹ̀ tí ó ní Àròjinlẹ̀

Nọ́ńbà tí ó wà nínú àkọlé fíìmù yìí tọ́ka sí ìpín 420 nínú òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ Íńdíà ìgbà náà, èyí tí ó dá lórí jìbìtì. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí 419 túmọ̀ sí ní Nàìjíríà kò nílò àlàyé púpọ̀. Shailendra ni ó kọ ọ̀rọ̀ orin tí ó ṣí fíìmù náà, Shankar àti Jaikishan ṣe ohùn rẹ̀, Mukesh kọ ọ́ fún Raj Kapoor. Òtòṣì arìnrìn-àjò kan ń ka aṣọ ọrùn rẹ̀: gbogbo rẹ̀ ni ó ti òkèèrè wá, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò kúrò nílé. Ọgbọ́n orin náà wà nínú ìtakora yìí. Ẹ̀rín ni a kọ́kọ́ ń rín sí i. Ẹ̀yìn ẹ̀rín ni a tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni ó ń sọ: kí ni tiwa gan-an nínú ohun tí a wọ̀ sọ́rùn?

5.3 Baiju Bawra: Orin Ìsìn tí ó Kọjá Ààlà Ẹ̀sìn

Fíìmù yìí dá lórí ìtàn ìwáṣẹ̀ akọrin kan tí ó bá Tansen, olórin ààfin ọba Akbar, díje. Nínú rẹ̀ ni orin ẹ̀bẹ̀ ẹlẹ́sìn Híńdù kan wà, nínú èyí tí ọmọlẹ́yìn ń bẹ òrìṣà rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí òun rí ojú rẹ̀. Wọ́n gbé e ka raga Malkauns, ìlànà ohùn márùn-ún tí wọ́n ka ọ̀gànjọ́ òru sí àkókò rẹ̀. Shakeel Badayuni kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Naushad ṣe ohùn rẹ̀, Rafi kọ ọ́. Mùsùlùmí ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọdún márùn-ún péré ṣáájú fíìmù yìí ni wọ́n pín Íńdíà sí méjì, tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn lọ tí ó fi ilé sílẹ̀ nítorí ẹ̀sìn, tí ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn. Nínú irú ọ̀gangan-ipò bẹ́ẹ̀, orin yìí jẹ́ ẹ̀rí pé èdè àti ohùn lè so ohun tí òṣèlú já pọ̀. Àwa tí Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe ń gbé inú agbo ilé kan ṣoṣo mọ ohun tí èyí tó.

5.4 Mughal-e-Azam: Nígbà tí Àwòrán bá Parí Ọ̀rọ̀

Nínú fíìmù K. Asif yìí, Anarkali, ẹrúbìnrin oníjó, dúró níwájú ọba Akbar, ó sì fi orin kéde pé òun fẹ́ràn ọmọ ọba, òun kò sì bẹ̀rù. Shakeel àti Naushad ni ó tún ni ọ̀rọ̀ àti ohùn; Lata Mangeshkar ni ó kọ ọ́. Dúdú àti funfun ni ọ̀pọ̀ jù nínú fíìmù náà, ṣùgbọ́n orin yìí wà lára ibi tí àwọ̀ ti yọ. Gbọ̀ngàn onídígí ni ó ti ń jó. Bí ó ti ń kọrin, àwòrán rẹ̀ hàn nínú àìmọye dígí tí ó wà lókè. Ọba gbójú sókè, kò sí ibi tí kò ti rí i. Ọ̀rọ̀ sọ pé ìfẹ́ kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Dígí ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ orin náà nínú ìwé nìkan kò tíì gbọ́ ọ tán.

6.0 Ìlò Rẹ̀ nínú Kíláàsì

A dábàá pé kí olùkọ́ tẹ̀lé ìgbésẹ̀ márùn-ún. Kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ orin náà láìsí ìtumọ̀, kí wọ́n sọ irú ẹ̀dùn ọkàn tí wọ́n fura sí. Lẹ́yìn náà, kí ó ṣàlàyé ẹni tí ń kọrin, ẹni tí ó ń kọ ọ́ fún, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ìgbésẹ̀ kẹta ni kí wọ́n dá mukhda àti antara mọ̀. Ìkẹrin ni kí wọ́n fi ìtumọ̀ tí ó ṣeé gbára lé wá ọnà-èdè inú rẹ̀. Ìkarùn-ún ni kí wọ́n wo àwòrán, kí wọ́n sọ ohun tí ó fi kún ọ̀rọ̀ tàbí tí ó yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra fún àkọlé ìtumọ̀ tí ń hàn nísàlẹ̀ fíìmù. Nítorí àìsí àyè, ó sáábà máa ń sọ kókó ọ̀rọ̀, kì í sọ ẹwà rẹ̀. Bí a bá ti ibẹ̀ dé orin inú fíìmù Yorùbá, bí àpẹẹrẹ Àjàní Ògún (1976), akẹ́kọ̀ọ́ yóò tún fi etí mìíràn gbọ́ ohun tí ó ti rò pé òun mọ̀.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé orin fíìmù Híńdì àtijọ́ jẹ́ ewì tí ó ní ìhun, ọnà-èdè àti èrò ìjìnlẹ̀. A rí i pẹ̀lú pé àwọn tí ó kọ ọ́ fi í bá ìjọba wí, wọ́n fi í so ẹlẹ́sìn pọ̀, wọ́n sì fi í gbé ohùn aláìní jáde níwájú àìmọye ènìyàn. Bí olùkọ́ bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti bọ̀wọ̀ fún ewì tí kì í ṣe tirẹ̀, ti ara rẹ̀ kò ní jọ ọ́ lójú lásán mọ́. Orin tí à ń fi imú kùn lónìí láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀, ẹnìkan ni ó fi ọkàn kọ ọ́. Ó tọ́ kí a béèrè ohun tí ó ní lọ́kàn.